Ìwọ̀n Ọmọ Lórí Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà

Òórùn fáníìṣì tí kò tíì gbẹ ni ó kọ́kọ́ máa ń bá mi bí mo bá ronú padà sí àwọn ọdún yẹn, kí ojú ẹnikẹ́ni tó yọ, kí ohùn ẹnikẹ́ni tó dún sí mi létí. Ìgbà sáàpù ni. Ẹni tó ti gbọ́njú nígbà náà kò nílò àlàyé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó ṣáà mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ẹ̀wà di oúnjẹ ọdún nílé àwọn tó ti ń sè é bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n ń gé ẹyin kan sí mẹ́rin fún ọmọ mẹ́rin, tí agolo mílíìkì òfìfo sì wà lójú fèrèsé bí ohun ọ̀ṣọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí òmíràn máa tẹ̀lé e. Àgbàlagbà lè mu omi sùn, kí ó sì jí lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìlera, kí ìjọba tó gbé mi lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Mo kéré, mo gbọ́n lójú ara mi, mo sì fẹ́ràn aṣọ funfun mi ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, n kò sì tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni pé n kò tíì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí Mátírọ́nù wa gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa wọn àwọn ọmọ kéékèèké, bí wọ́n ṣe wúwo tó àti bí wọ́n ṣe gùn tó. Obìnrin tí kì í pariwo ni Mátírọ́nù, ṣùgbọ́n bó bá wo èèyàn láti orí awò ojú rẹ̀, olúwarẹ̀ á rántí gbogbo iṣẹ́ tí kò tíì ṣe.

Ilé ìwòsàn kan wà ní Oǹdó nígbà náà tó ní wọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ tí ebi ti gbẹ. Ibùsùn ibẹ̀ kò pọ̀, mílíìkì tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mọ́tò wọn ń wá sí Àkúrẹ́ wá kó ọmọ, ṣùgbọ́n dókítà wọn ti ṣòfin: ọmọ tí kò bá ní kílò àti sẹ̀ǹtímítà lórí káàdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò. Òfin náà le, àmọ́ kì í ṣe òfin ìkà. Ọmọ méjì lè wúwo bákan náà lórí òṣùwọ̀n, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ kúkúrú tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí èkejì jẹ́ ọmọ gígùn tí ẹran ara rẹ̀ ti tán. Kílò kò mọ ìyàtọ̀ wọn, sẹ̀ǹtímítà ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti mọ bí ọmọ ṣe gùn tó, wọ́n á mọ bó ṣe yẹ kó wúwo tó, wọ́n á sì mọ èyí tí kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí kò ju fífẹ̀ èékánná ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ, òun ni ó ń sọ ẹni tí yóò wọ mọ́tò.

Ọmọ tí kò tíì lè dá dúró dáadáa, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Pákó gbọọrọ kan ni, tí wọ́n kan pákó kékeré mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òòró. Orí ọmọ á kan ìyẹn, wọ́n á wá ti pákó kékeré mìíràn wá bá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tiwa ti là sí méjì. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ sọ, wọ́n ní kò sí òmíràn, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Mátírọ́nù gbọ́, ó ní, "Ọmọ wo ni yóò dúró de ọdún tó ń bọ̀? Lọ bá káfíńtà."

Káfíńtà tó súnmọ́ wa jù lọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Àga àti ibùsùn ló ti ń kàn tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbéyàwó, ṣùgbọ́n lásìkò yẹn kò sí ẹni tó ń ra àga. "Nọ́ọ̀sì, pósí nìkan ni ọjà rẹ̀ kò kú," ló wí fún mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tọrọ gáfárà pé òun rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fún un. Ó fa téèpù ínǹṣì rẹ̀ yọ, mo ní rárá, sẹ̀ǹtímítà ni.

"Ṣé ọmọ tí wọ́n bá fi ínǹṣì wọ̀n kì í dàgbà ni?"

"Àwọn ará Oǹdó ni kò fẹ́ ínǹṣì, bọ̀dá."

"Ẹ̀yin ará Oǹdó! Ẹ le jù," ó wí, ó sì gba téèpù ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo padà lọ gbà á, inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà ti sapá kọjá ohun tí mo bẹ̀ ẹ́. Pákó tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lò, pákó pupa dáadáa, ó sì fi fáníìṣì pa á títí tó fi ń dán bí dígí. Ó kan ẹ̀gbẹ́ sí i lọ́tùn-ún àti lósì kí ọmọ má baà yí ṣubú. Ó wá fi irin ìdìmú tó ń kọ mànà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè rọ̀ mí lọ́rùn láti gbé. "Ẹ̀bùn tèmi nìyẹn fún àwọn ọmọ," ló wí. Mo dúpẹ́ títí. Mo gbé e lé orí, èmi pẹ̀lú aṣọ funfun mi, mo gba àárín Ìsìkàn kọjá, mo ń kí èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Mo rí i pé àwọn tó jókòó ń dìde bí mo ti ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bọlá fún, mo sì na ọrùn mi sókè díẹ̀ sí i.

Obìnrin kan tó ń yan àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Háà! Ọmọ ta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo ní, "Kì í ṣe ti ọmọ ẹnì kan, mà. Gbogbo ọmọ àdúgbò la ó máa tẹ́ sínú rẹ̀."

Ó ju abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò yé mi. Ìgbà tí mo dé ilé ìtọ́jú, tí Mátírọ́nù bọ́ awò ojú rẹ̀, tó nù ún, tó tún fi í sójú, tó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú, ìgbà yẹn ni mo gbé nǹkan náà sọ̀ kalẹ̀ tí mo wò ó dáadáa. Pósí ọmọ ọwọ́ ni. Ọmọrí nìkan ni kò ní.

A yọ irin ìdìmú rẹ̀. A yọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi omi gbígbóná àti iyanrìn họ fáníìṣì rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Ṣùgbọ́n Ìsìkàn ti rí ohun tí Ìsìkàn rí. Nígbà náà, bí èèyàn bá kú, káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ń wá sílé pẹ̀lú okùn. Á nà án láti orí òkú dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní, á ta kókó síbi tó dé, á sì jáde láìwo ẹ̀yìn. Òkú nìkan ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ wọ̀n. A ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Oǹdó náà, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe wọn bàbá mi àgbà, ṣùgbọ́n n kò ronú kàn án rí nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lórí pákó.

Láti ọjọ́ yẹn, Nọ́ọ̀sì Pósí ni orúkọ mi. Bí mo bá yọ lókè, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré á fọ́n ká, èyí tó kéré nínú wọn á máa ké pe ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń wá gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Mo ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní ọmọ ti bá ìyá àgbà rẹ̀ lọ sí Ìjàrẹ́, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ikọ́ ọmọ náà nínú yàrá. Mọ́tò Oǹdó á wá ní Ọjọ́bọ̀, á dúró, á sì lọ láìgbé ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa. Ní sáà yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró òòlù láti abẹ́ igi máńgòrò lójoojúmọ́, ìró òòlù kéékèèké tí kì í pẹ́ dákẹ́, nítorí iṣẹ́ náà kò tóbi. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn, n kò mọ bí wọ́n ṣe gùn tó. Káfíńtà nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ilé kan wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú gan-an tí wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìyá àgbà kan ló ni ín, obìnrin kúkúrú tó máa ń pe ilé ní ulé, tó sì máa ń sín èdè Oǹdó mi jẹ bí mo bá kí i. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ ìyàwó náà wà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ìyàwó fúnra rẹ̀ sì ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, tí ó ń kúrò nílé kí oòrùn tó mú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ó ti lé lọ́dún kan dáadáa, ó ti rìn díẹ̀ rí, àmọ́ ó ti padà sórí ìjókòó, láti orí ìjókòó ó ti padà sórí ẹní. Kì í sunkún mọ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ọmọ tó ń ké ṣì ń retí nǹkan.

Wọ́n jẹ́ kí n gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kò bà wọ́n lẹ́rù, irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn kòkó. Kílò mẹ́fà ni. Mo wo Ìyá àgbà, ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Ìran kúkúrú ni wá," ó wí. "Wo èmi náà. Bàbá rẹ̀ kò ga jù mí lọ. Bó ṣe kéré yìí ni wọ́n ṣe ń kéré."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n kí a lè mọ̀. Mọ́tò ń bọ̀ lọ́la."

"Wọn kí ni? Mo mọ bó ṣe gùn tó. Ó gùn tó ọmọ."

"Ìyá, wọn kò ní gbà á ní Oǹdó láìsí i."

Mo ti kúnlẹ̀ nígbà yẹn. Ó gbé ọmọ náà lé àyà, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ láìbínú, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. "Ọmọ Oǹdó, gbọ́. Bí a bá tẹ́ ọmọ sílẹ̀ tí a wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ ti gbọ́ bó ṣe gùn tó nìyẹn. Ibi tí ilẹ̀ bá gbọ́ mọ, ibẹ̀ ni ọmọ á dúró sí. Kò ní ga mọ́. Ó lè má kú lónìí, ṣùgbọ́n ó ti tán níbi tí o wọ̀n ọ́n dé. Má fi ọmọ ọmọ mi hàn án."

Ìyàwó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.  Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì lọ gbé omi kaná.

Mo padà lọ bá Mátírọ́nù. Lójú tèmi, ọmọ náà kò lè ju sẹ̀ǹtímítà méjìdínláàádọ́rin lọ. Mo bi í bóyá a lè fi ojú díwọ̀n rẹ̀ kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí láti orí awò. "Bó bá jẹ́ méjìdínláàádọ́rin, tí ó sì wọn kílò mẹ́fà, wọn kò ní gbà á. Wọ́n á ní kó máa mu ògì olẹ́wà nílé. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ tí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, o ti gba ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú kò ní nọ́ńbà lára, ọmọ mi. Padà lọ bẹ̀ wọ́n."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ìyá àgbà ń wẹ ọmọ náà. Ẹni tó bá dàgbà sọ́wọ́ ìyá àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò tẹ́ ọmọ sí orí ojúgun rẹ̀, orí ọmọ níbi ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ síhà ikùn tirẹ̀, yóò sì na àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí orí ọmọ má baà yọ̀ lọ. Lẹ́yìn ọṣẹ àti kànìnkànìn, yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ na ọmọ náà, apá kan sókè, ẹsẹ̀ kan sísàlẹ̀, títí gbogbo oríkèé rẹ̀ á fi tú. Mo kí i, ó dáhùn. Mo dúró.  Mọ́tò yóò dé kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìyàwó ni ó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ.

"Mọ̀mí, ṣé ilẹ̀ ni ọmọ yìí wà báyìí?"

"Ilẹ̀ báwo? Orí ẹsẹ̀ mi ló wà."

"Ẹ kì í sì í nà án níbẹ̀ láràárọ̀?"

"Ṣé kí n má na ọmọ ni, kó ká jọ bí ewé gbígbẹ? Kí lo fẹ́ sọ, ìyàwó?"

"Bí Nọ́ọ̀sì bá wo ibi tí orí rẹ̀ dé lára ẹsẹ̀ yín, tó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà dé, ilẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, mà. Ẹ̀yin lẹ gbọ́."

 Omi ń kán láti ìgúnpá Ìyá àgbà sínú ọpọ́n. Ó sọ̀rọ̀ láìwo ẹnikẹ́ni nínú wa. "O ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri."

"Láti àná, mà. Mo bẹ̀rù yín."

"Ó yẹ kí o bẹ̀rù mi." Ó fi ọwọ́ nu omi lójú ọmọ náà. "Gbé àpótí kejì wá. Kí gìgísẹ̀ mi wà lórí rẹ̀. N kò fẹ́ kí ibì kankan lára mi kan ilẹ̀."

Ìyàwó gbé àpótí wá. Ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ arúgbó tí iṣan ti yọ lára rẹ̀, ó sì nà án títí tó fi gbọ̀n. Mo sáré lọ tú pákó kékeré tó ń gba orí kúrò lára pákó gbọọrọ, mo mú un wá pẹ̀lú èyí tó ń gba ẹsẹ̀, mo fi pákó gbọọrọ sílẹ̀ níbi tó wà. Mo ti ọ̀kan bọ àárín orí ọmọ àti òkè ẹsẹ̀ Ìyá àgbà. Ìyàwó di orí ọmọ rẹ̀ mú kí ó wo òkè. Ìyá àgbà fi ọwọ́ tẹ orúnkún ọmọ náà kí ó lè nà, ó ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Na ẹsẹ̀, ìyá mi. Na ẹsẹ̀ fún mi. Ṣé ìwọ kọ́ lo ń ta mí nípàá níjọ́sí?" Ọmọ náà wò ó. Mo ti pákó kejì wá bá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo na téèpù láti ọ̀kan dé èkejì. Mo la ẹnu láti pe nọ́ńbà náà bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

"Má pè é!" Ìyá àgbà wí. "Kọ ọ́. Má pè é jáde."

Mo kọ ọ́. Mo tún un wọ̀n, ó tún jẹ́ bákan náà, mo tún dákẹ́. Méjìlélàádọ́rin ni. Ojú mi ti jẹ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin mọ́ ọmọ náà lára. Ó ti ká ẹsẹ̀ jọ tó bẹ́ẹ̀, ó ti rù tó bẹ́ẹ̀, ni ó ṣe dà bí ẹni tó kúrú. Mátírọ́nù fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lórí àtẹ tó wà lára ògiri. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró sójú títì fúnra rẹ̀ kí mọ́tò má baà kọjá.

Ìyàwó bá ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà dúró nílé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára rárá, dókítà kò ṣèlérí kankan fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti lọ kí àwọn òbí mi ní Oǹdó ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń yà sí wọ́ọ̀dù náà. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ìyàwó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ti tẹ́ ọmọ náà sórí pákó tiwọn, ó wí, wọn kò bi òun, wọ́n sì pe nọ́ńbà náà ketekete létí gbogbo wọ́ọ̀dù. "Ẹ má sọ fún mọ̀mí," ó wí. Ó di ọwọ́ mi mú gan-an.

N kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ajé tí mo bá padà sí Ìsìkàn, Ìyá àgbà á ti dúró dè mí lẹ́yìn ilé ìtọ́jú.

"Ó ti ga?"

"Ó ń jẹun, Ìyá. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún."

"N kò bi ọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ti ga?"

Kò tíì ga. Kílò rẹ̀ ń lọ sókè, a ń yọ̀. Sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ dúró gbọn-in síbi tí a bá a. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, pé ara tí ebi ti jẹ á kọ́kọ́ wá ẹran padà, egungun á tẹ̀lé e. Mo gbà á gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó, òun náà mi orí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tún wọ̀n ọ́n tí ó tún jẹ́ méjìlélàádọ́rin, kì í jẹ́ kí ojú wa méjèèjì pàdé. Èmi tí mo ka ìwé, tí mo wọ aṣọ funfun, mo máa ń wo pákó ilé ìwòsàn náà, mo máa ń wo ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lé, ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà á sì máa dún nínú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ọjọ́ Ajé gba ọ̀nà mìíràn, kí n má baà kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, òjò ti rọ̀ lówùúrọ̀. Ìyàwó ló di orí ọmọ mú, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà ló ti pákó ẹsẹ̀. Ó kà á. Ó ní kí a tún un ṣe, ó tún kà á. Mẹ́tàlélàádọ́rin. Ìyàwó ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyàwó jókòó sí etí ibùsùn, ó fa gèlè rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, ọmọ rẹ̀ sì ń fa etí gèlè náà nítorí ó rò pé eré ni.

N kò dé ilé wa lọ́jọ́ náà. Mo wọ mọ́tò Àkúrẹ́ padà, mo rìn wọ Ìsìkàn nírọ̀lẹ́. Ìyá àgbà jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń pa èkùrọ́. Bó ṣe rí mi lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ mi, ó gbé òkúta sílẹ̀, kò sì dìde. Mo rí i pé ohun búburú ló ń retí.

"Ó ti ga, Ìyá," mo sáré wí.

"Tó báwo?"

Mo na ìka ọwọ́ mi tó kéré jù sí i, mo fi èékánná rẹ̀ hàn án. Ó dì í mú, ó fà á súnmọ́ ojú, ó wò ó.

"Èyí kéré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣùgbọ́n ó ti kọjá ibẹ̀?"

"Ó ti kọjá ibẹ̀."

"Wàyí o, pè é jáde. Ti àná ni kí o pè, má pe ti òní."

"Méjìlélàádọ́rin," mo wí.

Ó tẹrí sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tí èkùrọ́ ti dú kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì pe nọ́ńbà náà fún ilẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jíṣẹ́. Ó ní, "Méjìlélàádọ́rin lẹ gbọ́. Ẹ dì í mú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nílé wa." Nígbà náà ni ó tó bú sẹ́kún.

N kò mọ ẹni tó sọ ọ́ kiri, èmi kọ́, mo sì rò pé Ìyá àgbà náà kọ́. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ìyá àgbà ti ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láàárọ̀, oníkálukú pẹ̀lú àpótí méjì, wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé e, wọ́n á sì kìlọ̀ fún mi pé kí n di ẹnu mi. Mo ń ti ẹsẹ̀ ìyá kan bọ́ sí ti òmíràn. Mọ́tò Oǹdó kò tún padà láìgbé ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo àwọn tó gbé lọ kọ́ ló padà wálé.

Mo ti wọn ọmọ púpọ̀ láti ìgbà náà, níbi tí wọ́n ti fún wa ní pákó tó dára, tí àwọn ìyá ọmọ sì ń fi fóònù ya nọ́ńbà náà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ báyìí máa ń pè é sókè, kò sì sí ẹni tó ń ní kí wọ́n dákẹ́. Èmi náà ń pè é. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ìyá kankan gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níwájú mi kí n tó sọ fún un pé ti òní nìkan ni. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́, títí tí mo fi rí i pé ó gbọ́.